Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá ara yín sọ lọ́kàn: bí ẹ ṣe lè tún un ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Kí èèyàn tó rìn láti Sábó dé ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, etí rẹ̀ á ti gbọ́ "ọwọ́ ayé ni", "bí tèmi ṣe máa ń rí nìyẹn", "orí mi ò gba ìwé", "kò sóhun téèyàn lè ṣe sí i". Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ mọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ló ń pinnu ohun tí a máa dán wò àti ohun tí a ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ti gbà pé ayé ló ti ọjà òun pa kò ní jókòó ka owó ọjà. Kí ló fẹ́ kà á fún?

Mi ò ní sọ pé kí ẹ dìde láàárọ̀, kí ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ máa pariwo pé olówó ni yín. Èrò nìkan kì í sọ ìkòkò òfìfo di ìkòkò ọbẹ̀. Owó epo, owó ilé-ìwé, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti gba ẹ̀mí púpọ̀: èrò yín kọ́ ló fà wọ́n, èrò yín nìkan kò sì lè tún wọn ṣe. Ohun tí èrò tó tọ́ lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí ẹ rí ìwọ̀nba tó wà ní ìkáwọ́ yín, kí ẹ sì ṣe é. Ìwọ̀nba náà máa ń pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé ibẹ̀ ni ìrọ̀rùn púpọ̀ farapamọ́ sí.

Ẹ wá ìwé kékeré kan, bírò kan, oṣù méjì sí mẹ́ta, àti ẹnì kan tí kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ sáà máa kọ. Nígbàkigbà tí nǹkan bá dùn yín, bóyá wọ́n mú iná lọ nígbà tí ẹ ń lọ ata lọ́wọ́, oníbàárà kọjá síwájú lọ́dọ̀ ẹlòmíì, tàbí ọ̀gá sọ̀rọ̀ sí yín níṣojú èèyàn, ẹ kọ ohun mẹ́ta: àkókò, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Ẹ má tún un ṣe kó lè dùn ún kà. Tó bá jẹ́ pé "èmi ni wọ́n máa ń fojú di ṣáá" ló wá sọ́kàn yín, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. "Inú mi ò dùn" kò tó, torí ìyẹn kì í ṣe èrò. Ohun tí èrò bí ni.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè fi ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kó sì máa gbọ́ ọ lálẹ́. Ọ̀nà yìí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ìwé lọ fún àwọn kan, torí bí ẹ bá gbọ́ ohùn ara yín tó ń sọ pé "mo ti tán", ẹ ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń sọ̀rọ̀.

Ìdí tí kíkọ fi ṣe pàtàkì ni pé èrò ń yára ju ìmọ̀lára lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Aaron Beck, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń tọ́jú àti ìbànújẹ́ tó bò wọ́n, gbólóhùn kan máa ń kọjá lọ́kàn wọn fìrí, àwọn fúnra wọn kì í sì í fura sí i. Ọ̀nà ìtọ́jú tó ti ibẹ̀ jáde ti wà ní ilé ìwòsàn káàkiri ayé báyìí. Bí gbólóhùn náà bá ti wà lójú ìwé, kò lè kọjá fìrí mọ́.

2. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo

Bí igi bá wó lu igi, ti òkè la á kọ́kọ́ gbé kúrò. Ẹ wo ìwé yín lópin ọ̀sẹ̀, kí ẹ mú gbólóhùn tó fara hàn jù. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo ayé rẹ̀ ṣe láàárín oṣù kan ló máa ń jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

3. Ẹ bi í pé ẹ̀rí rẹ̀ dà

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ bi gbólóhùn náà léèrè: kí ni mo fi ojú mi rí? Kí ni nǹkan mìíràn tó lè fà á? Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ láfún nítòsí ọjà Jagun. Gbólóhùn tiẹ̀ ni pé, "Wọ́n ti so ọjà mi." Kò fi ṣeré. Ó ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ó ti kúrò níbi tó ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjà yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì ná. Bí wọ́n bá so ó, ìwé á fi hàn." Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ò mọ̀wé." A bá fa ìlà sí àárín ojú ewé nínú ìwé àtijọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bó bá wọn kóńgò kan tí wọ́n sanwó, á fa igi kan sápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ àwìn, á fa igi sápá òsì, ọmọ náà á sì kọ orúkọ ẹni tó gbé e sí i nírọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọjà ń tà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kóńgò ò sinmi lọ́wọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n igi apá òsì pọ̀ ju ti apá ọ̀tún lọ, àwọn orúkọ kan náà ló sì ń jáde léraléra: aládùúgbò, ìyàwó àbúrò ọkọ, ará ìjọ kan tó máa ń ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá gbé ìwé náà lé itan, ó ń fi ìka tọ àwọn igi yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àṣé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé e fún wọn."

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà, mi ò sì sọ pé ìlara ò sí láyé. Ohun tí mo ń sọ ni pé "wọ́n ti so ó" kò jẹ́ kí ìyá yìí rí àwìn tó wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Gbólóhùn náà ti dáhùn kí ìbéèrè tó jáde.

Ká ní ìwé ti fi hàn pé lóòótọ́ ni kò sẹ́ni tó ń rà, ìyẹn náà ìmọ̀ ni. Á wá di pé ká yẹ èlùbọ́ wò bóyá ó ti kan tàbí yanrìn wà nínú rẹ̀, ká béèrè iye tí àwọn tó kù ń tà á, ká wo ibi tí èrò ọjà ń gbà kọjá. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, iṣẹ́ tí ọwọ́ lè ṣe ti dé.

4. Ẹ fi gbólóhùn tó jẹ́ òótọ́ rọ́pò rẹ̀

Ẹ má fi irọ́ dídùn rọ́pò irọ́ kíkorò. Bí ìyá yẹn bá ń sọ láràárọ̀ pé "ọjà mi ń tà wàràwàrà", ọkàn rẹ̀ á máa dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tuntun tiẹ̀ ni: "Ọjà mi ń tà, àwìn ló ń gbé owó rẹ̀ lọ." Òótọ́ ni, ó sì tọ́ka sí ohun tó kàn. Ohun tó kàn ni pé kò sí àwìn kejì fún ẹni tí kò tíì san ti àkọ́kọ́. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, nítorí náà a wá ohun tí á máa wí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ti ọjọ́sí ná, kí n lè rówó ra pákí." Àwọn kan bínú. Ẹnì kan kò tiẹ̀ wá mọ́. Ìyá ṣì ń ta èlùbọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Bákan náà ni fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí, tó ń sọ pé orí òun ò gba ìṣirò. Kó mú ìdánwò tó ṣe kẹ́yìn, kó fi àmì sí gbogbo ibi tó ti kùnà, kó sì kọ orí-ẹ̀kọ́ tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó ṣeé ṣe kó rí i pé orí-ẹ̀kọ́ méjì péré ló ń kó máàkì rẹ̀ lọ. "Orí mi ò gba ìṣirò" kò ní oògùn. "Orí-ẹ̀kọ́ méjì yìí ló ń dà mí láàmú" ní oògùn, ọ̀rẹ́ tó ń gbé yàrá kejì lè ní in lọ́wọ́.

5. Ẹ pín in sí méjì

Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé tuntun. Apá kan fún ohun tó wà níkàáwọ́ yín, apá kejì fún ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọlọ́kadà kò lè dín owó epo kù. Ó lè máa wọn afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ lọ́dọ̀ fọgaláísà, torí táyà tó rọ̀ ń jẹ epo. Ó lè dúró síbi tí èrò ti ń jáde láàárọ̀ dípò kó máa fi epo wá wọn káàkiri ìlú. Ohun tó bá wà lápá kejì, ẹ bá ìjọba àti àwọn olórí àdúgbò sọ ọ́, ẹ dìbò lé e lórí, ẹ fi sínú àdúrà. Àmọ́ apá kìíní ni ká fi òwúrọ̀ wa bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tó máa ń dí wa lọ́wọ́ níbí ni ọ̀rọ̀ orí. A ní orí burúkú ò gbọ́ ọṣẹ, a sì fi ibẹ̀ tì í. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa kò parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé Ifá fún ayé gbọ́, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé orí nìkan ò tó, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ẹsẹ Ifá kan sọ pé gbogbo orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìjà ni ìpàdé náà fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ràn wọn tó gún. Ẹni tó bá ní kádàrá ló ṣe òun, ẹ rọra bi í pé, ẹsẹ̀ ńkọ́?

Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ kan ti fi èyí hàn wá ní gbangba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú àwọn Yorùbá náà. Ọ̀pọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti gbèsè tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àṣẹ yẹn kò sí níkàáwọ́ wọn rárá, ó sì ba àwọn kan jẹ́ pátápátá. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé ó rọrùn. Àwọn tó tún gbérí nínú wọn fi ohun tó kù lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n mọ bí a ṣe ń ra ọjà àti bí a ṣe ń tà á, wọ́n gbọ́ èdè ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì lẹ́bí tó lè fi àyè jókòó sí lọ̀ wọ́n.

6. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀

"N ó máa ronú dáadáa" kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Jámánì, ti fi ọ̀pọ̀ ìwádìí hàn pé ìpinnu máa ń dúró dáadáa bí a bá sọ ìgbà tí a máa ṣe nǹkan náà: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, n ó ṣe báyìí. Ẹ kọ méjì tàbí mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àpẹẹrẹ:

Bí mo bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, n ó ka owó kí n tó dìde níbi tí mo jókòó sí.

Bí ẹnì kan bá ní kí n gbé e fún òun láwìn, n ó ṣí ìwé kí n tó dáhùn.

Bí ọmọ bá gbé èsì ìdánwò wálé, n ó béèrè èyí tó le jù lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó wo ipò tó wà.

Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú yín máa ń bà: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, inú àpò owó, ara àpótí ọjà.

7. Ẹ fún un ní àkókò

A máa ń gbọ́ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìwà tuntun fi ń mọ́ni lára. Ẹ má gbára lé e. Nínú ìwádìí tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní yunifásítì kan ní London, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gba àwọn èèyàn náà ní ìpíndọ́gba. Ó yá àwọn kan lára ní ọjọ́ 18, ìṣirò sì fi hàn pé ó lè gba àwọn mìíràn tó ọjọ́ 254. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn gbàgbé kò ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ "ọwọ́ ayé ni" lẹ́nu ara yín ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

8. Ẹ wo àwọn tó yí yín ká, pàápàá àwọn ọmọ

Bí gbogbo àwọn tí ẹ ń bá jókòó nírọ̀lẹ́ bá ń sọ gbólóhùn àtijọ́, tuntun náà ò ní pẹ́ lẹ́nu yín. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn wá ẹnì kan, bóyá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí níbi iṣẹ́, tí ẹ ó máa fi ìwé hàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí onítọ̀hún bi yín ní ìbéèrè kan péré: kí lẹ ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí?

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ká mi lára jù. "Olódo", "ọ̀dẹ̀", "o ò lè da nǹkan kan láyé": ibẹ̀ ni gbólóhùn púpọ̀ tí àgbàlagbà ń gbé kiri ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọmọ ṣe ni kí ẹ bá a wí lé lórí, ẹ má fi bú u. "O gbé ẹ̀wà kaná, o lọ ṣeré, ó jó. Báwo la ṣe máa ṣe é lọ́la tí kò fi ní jó?" Ìbáwí ni, ó sì fi ọ̀nà hàn án. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń ki ọmọ ní oríkì láàárọ̀ bó bá ti dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀: Àjàní, Àkànní, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́. Bí tiyín ò bá sí lára wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe máa gbé èjìká sókè.

Ìgbà tí ìwé àti bírò ò bá tó

Bí oorun bá kọ̀, tí oúnjẹ ò wù yín, tí gbogbo nǹkan sú yín, tó sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí èrò pé ikú sàn ju ayé lọ bá wá sọ́kàn, àìsàn ni, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ má dúró gbọ́ ẹni tó ń ní kí ẹ yí èrò yín padà. Ẹ lọ rí dókítà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti LAUTECH àti ti Bowen wà ní àrọ́wọ́tó, ẹ sì lè ní kí ará ilé kan sìn yín lọ. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti fi hàn ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, pé a lè tọ́jú irú àìsàn yìí láàárín ẹbí àti ará àdúgbò, tí aláìsàn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Lópin oṣù kọ̀ọ̀kan

Ẹ ka ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ fa ìlà gba orí gbólóhùn tí kò wá sọ́kàn yín mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Èyí tó bá ṣì ń wá lemọ́lemọ́, ẹ dá a padà sí ìgbésẹ̀ kẹta, bóyá ẹ̀rí tí ẹ kó jọ lórí rẹ̀ ò tíì tó. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú èyí tó kàn nínú àwọn tí ẹ kọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ ṣí ojú ewé tuntun.